Ẹ Má Gbàgbé Báàgì Aretha

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Aretha Franklin, olórin Amẹ́ríkà nì. Mo ní “gbọ́” nítorí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ mi ló kà á sí mi létí. Awò ojú mi wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ẹ sọ pé ọdún 1942 ni wọ́n bí i ní Memphis, pé Detroit ló dàgbà sí, pé pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, pé ó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy 18. Ẹ wá ń pe ohùn rẹ̀ ní ẹ̀bùn Ọlọ́run, ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ọmọ mi kà á, ó tó ìgbà mẹ́rin. Ẹ ò wá sọ nǹkan kan nípa báàgì rẹ̀.

Ẹni tó bá rí i lórí tẹlifíṣàn á mọ ohun tí mò ń wí. Oṣù kejìlá ọdún 2015 ni, ní gbọ̀ngàn eré Kennedy Center ní Washington. Wọ́n ń yẹ́ Carole King sí, ọ̀kan lára àwọn tó kọ “Natural Woman” tí Aretha gbé jáde lọ́dún 1967. Aretha jáde síta nínú ẹ̀wù onírun ńlá, báàgì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e fún ọmọ iṣẹ́, kò fi í sílẹ̀ sí yàrá tó ti múra. Ó rìn lọ sídìí dùùrù, ó gbé báàgì lé e lórí, níbi tí ojú rẹ̀ á ti tó o, ó wá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ẹni ọdún 73 ni nígbà yẹn. Nígbà tó yá, ó dìde, ó bọ́ ẹ̀wù onírun náà jù sílẹ̀, èrò dìde fún un. Ààrẹ Obama ń nu omijé nù. Gbogbo ayé ń wo Obama. Báàgì lèmi ń wò.

Àṣà rẹ̀ ni pé kí wọ́n ka owó lé òun lọ́wọ́ kóun tó kọrin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé láti kékeré ló ti rí bí wọ́n ṣe ń rẹ́ àwọn olórin adúláwọ̀ jẹ. Wọ́n á kọrin títí ohùn á fi há, ẹni tó pè wọ́n á wá di àwátì. Òun ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Owó a wọ báàgì, báàgì a sì bá a dé ibi tó ti ń kọrin.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, ìdí sì nìyí. Kí n tó fẹsẹ̀ lé iṣẹ́ ìránṣọ, elégbè ni mí fún eléré jùjú kan níbí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a lọ síbi ìsìnkú ìyá olówó kan lágbègbè Ṣítéṣàn. A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, a kọrin títí àwọn tó ń gbálẹ̀ fi dé. Ohùn ọ̀gá ti há (mi ò ní pè é ní “wọ́n”), èmi ni mo ki ìdílé olóòkú délẹ̀. Owó wá ń rọ̀. Múrí, owó bébà ogún náírà, ń lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí, òógùn dì í mú, mi ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn mi tó ń ṣí i níkọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ọ́ sínú páálí mílíìkì. Ọ̀kan já bọ́ sínú ọrùn ẹ̀wù mi. Ọmọ yẹn nawọ́, ojú tì í, ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi yọ ọ́.” Mo yọ ọ́ fún un.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀gá fún mi ní náírà mẹ́ta àti ìrẹsì inú ọ̀rá. Mo ní ó kéré. Ó ní ṣé mo rà á lọ́jà ni, ṣebí ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ẹ ti wá rí ohun tó mú mi bínú sí ìgbà mẹ́rin tiyín.

Ní ìlú wa yìí, kò sí ohun tí a ń ṣe tí obìnrin ò ní gbè: ìkómọ, ìsìnkú, títí kan ọdún Ọ̀ṣun tí Arugbá bá ń lọ sódò. Bóyá ìyẹn ni wọ́n ṣe rò pé ẹnu kì í rẹ̀ wá.

Ẹ kọ ọ́ pé “Respect” ló gbé e dókè. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ fi ibi tó dùn sílẹ̀. Otis Redding ló ni orin náà, ọdún 1965 ló gbé e jáde: ọkùnrin tó ń mówó bọ̀ wálé, tó ní kí ìyàwó bọ̀wọ̀ fún òun tóun bá ti wọlé. Aretha gbà á lọ́dún 1967, ó dojú ẹ̀ kọ ọkùnrin. Ó wá ń pe ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí tíṣà ṣe ń ṣe fún ọmọ olórí kunkun. Kò sí ìyẹn nínú ti Otis. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Erma àti àbúrò rẹ̀ Carolyn ló ń gbè é. Èmi tí mo ti ṣe elégbè ló ń sọ ọ́ fún yín: ẹ yọ àwọn méjì yẹn kúrò, orin náà á sùn. Otis fẹnu ara rẹ̀ sọ níbi àjọ̀dún orin kan ní Monterey, ní Amẹ́ríkà, lóṣù kẹfà ọdún náà pé ọmọbìnrin kan ti gba orin lọ́wọ́ òun.

Ó gba orin, kò gba owó ẹ̀. Nínú èdè tiwa, ẹni tó fi gègé kọ orin àti ẹni tó fi ọ̀fun kọ ọ́, “kọ” náà ni. Ní Amẹ́ríkà, tí rédíò bá lu orin, gègé nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Gbogbo ìgbà tí rédíò wọn ti ń lu “Respect” láti ọdún 1967, ọ̀dọ̀ Otis àti àwọn tó jogún rẹ̀ lowó ń lọ. Kí báàgì má wà lórí dùùrù kẹ̀?

Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti sọ díẹ̀. Èmi fẹ́ràn èyí tó kọ lálẹ́ méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Los Angeles, oṣù kìíní ọdún 1972, pẹ̀lú James Cleveland, olórin ìhìnrere. “Amazing Grace” nìkan lé ní ìṣẹ́jú 10. Bùrọ̀dá mi ra àwo yẹn, aṣọ mímọ́ la fi ń nù ún.

Obìnrin yìí náà ṣe àṣìṣe o. Nígbà tó kú lọ́jọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 2018, wọ́n kọ́kọ́ ní kò ṣe ìwé ìpíngún. Ọdún kejì ni wọ́n rí àwọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọ̀kan wà lábẹ́ tìmùtìmù àga. Ọ̀rọ̀ dilé ẹjọ́ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ó di oṣù keje ọdún 2023 kí ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ní Michigan tó ní ti abẹ́ tìmùtìmù, tó kọ lọ́dún 2014, ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Ẹni tí kì í jẹ́ kí báàgì kúrò lójú òun, ó fi ogún sábẹ́ ìdí àlejò! Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dìde lọ wo ibi tí mo fi ìwé ilẹ̀ mi sí.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi yìí ń ṣe elégbè lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ti pè é sí òde kan ní Òkè-Baálẹ̀. Mo fi àjákù àǹkárá rán báàgì kékeré olókùn fún un, mo ní kó gbé e kọ́rùn, kó má sì fọwọ́ kan maikirofóònù kí wọ́n tó ka tirẹ̀ sí i. Ó ní, “Mọ́mì, wọ́n á ní mo gbéraga.” Mo ní kó mú ìwé ìròyìn yín dání, kó fi Aretha hàn wọ́n.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá àwòrán ibi tó ti gbé báàgì lé dùùrù, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà. Sátidé tó ń bọ̀ lóde náà.

Èmi ni,
Ìyá Aránṣọ,
Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Òṣogbo.