Abúlé orí òkìtì

Leeuwarden,
Nẹ́dálándì.

Adéṣínà ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. O béèrè irú ilẹ̀ tí mò ń gbé. Abúlé kan ni n ó fi dá ọ lóhùn, Hegebeintum ní ìpínlẹ̀ Friesland níhìn-ín, tí mo lọ wò ní Sátidé tó kọjá.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, àfi òkìtì kan tí ṣọ́ọ̀ṣì dúró lé lórí. Má rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn o, ọwọ́ ènìyàn ló mọ ọ́n. Kí àwọn ará Friesland tó mọ odi tí ń dá òkun dúró, ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, omi a máa ya wọlé tọ̀ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó amọ̀, ìgbẹ́ màlúù àti pàǹtírí jọ, tí wọ́n ń kọ́lé lé e, tí ọmọ ń bù kún ti baba, títí ó fi ga ju ìpele òkun lọ ní mítà 8.8. Kò sí irú rẹ̀ tó ga tó o ní gbogbo Nẹ́dálándì.

Àfi bí àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣe wá ń tà á nígbà kan rí! Ìgbẹ́ àtijọ́ ti jẹrà di ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá, àwọn àgbẹ̀ tí ilẹ̀ wọn ti ṣá sì ń wá a kiri, ni wọ́n bá ń gbẹ́ òkìtì, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ. Wọn kò jẹ́ gbẹ́ ìdí ṣọ́ọ̀ṣì àti itẹ́ òkú ní tiwọn. Ibi tí ṣọ́bìrì dé dà gẹ́rẹ́ lójijì. Mo dúró létí rẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fìlà lórí mi. N kò bú wọn ṣá, nítorí ẹni tí odi ti gbà lọ́wọ́ omi, kí ni yóò tún fi òkìtì ṣe?

Ọ̀rúndún kejìlá ni wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, òkúta tí wọ́n gbé wá láti ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n sì lò. Pátákó 16 ló wà lára ògiri inú rẹ̀, èyí tí wọ́n gbẹ́ ní ìrántí àwọn ọlọ́lá tó kú: àmì ìdílé wọn ló wà láàárín, agbárí òkú sì ń wo èrò láti ẹ̀gbẹ́. Mo wá ti àwọn tó ru amọ̀ títí, n kò rí i.

Bí o bá ń bọ̀, mú bàtà tó nípọn dání, nítorí bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀nà òkè yẹn a máa yọ̀.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Táyọ̀