Ẹ jẹ́ kí igi ewúro kan ráyè tanná

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ ìmọ́tótó oṣù tó kọjá ládùúgbò wa n'Íbàdàn, àwọn ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ onílé rán níṣẹ́ gé ewúro ẹ̀yìnkùlé mi lulẹ̀ tòdòdó-tòdòdó. Wọ́n ní ó ti di igbó. Òótọ́ ni pé mi ò já ewé rẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti káṣẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ wa ti ń jẹ ewúro láti kékeré láì rí òdòdó rẹ̀ rí, torí ìkòkò ọbẹ̀ kì í jẹ́ kó dàgbà débẹ̀. Bí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀, á ga ju ènìyàn lọ. Tó bá wá di ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ, á tanná funfun wẹ́wẹ́, á ṣù jọ sórí ẹ̀ka. Ẹ dúró tì í láàárọ̀ kí ẹ gbọ́ ariwo oyin! Igi tí ewé rẹ̀ korò tó yẹn, omi dídùn ló wà nínú òdòdó rẹ̀. Oyin tó bá sì rí nǹkan jẹ lẹ́ẹ̀rùn ló máa bá wa mú ẹ̀gúsí àti elégédé so nígbà òjò. Lọ́dún tó kọjá, agẹmọ kan fi ibẹ̀ ṣe ibùba, ó ń ṣọ́ kòkòrò. Kò tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ mi.

Bougainvillea tó bo ògiri wa, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fà á tu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ni ewúro ti ṣẹ̀, àwọn ẹranko ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n: ní òkè Mahale, ní Tanzania, àwọn onímọ̀ ti rí ìnàkí (chimpanzee) tí ara rẹ̀ kò yá tó ń bó èèpo ewúro, tó ń fa omi kíkorò inú rẹ̀ mu.

Kò ná ni lówó. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ tó ti gbó díẹ̀, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀. Ẹ gbin méjì, ọ̀kan fún ọbẹ̀, ọ̀kan fún oyin. Ẹ má fín apakòkòrò sí i. Ẹ sì ro abẹ́ rẹ̀ kó mọ́, kí àwọn tó ń bẹ̀rù ejò lè rí oorun sùn.

Kùkùté tèmi ti ń rúwé. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ ẹgbẹ́ onílé: bí àwọn ọmọ yẹn bá tún ń gbé àdá bọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.