Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ẹ Ń Wo Ọ̀nà Líbíà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ìtàn ni mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ wá kí mi. Aṣálẹ̀ ló gbà dé Líbíà, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a padà. Mo bi í pé kí ló mọ̀ nípa ilẹ̀ náà. Ó ní, "Tíṣà, àtìmọ́lé ni mo mọ̀." Ìyà tó jẹ ẹ́ níbẹ̀ ò kéré, n kò sì ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ náà ti gbé inú àtìmọ́lé rí, Ítálì tí ẹ ń lé lọ ló kó wọn sí i.

Ọdún 1911 ni Ítálì gbógun dé, tó fẹ́ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìjọba Tọ́kì. Ní November 1 ọdún yẹn, Giulio Gavotti, awakọ̀ òfurufú ọmọ ogun Ítálì, fi ọwọ́ ju bọ́ǹbù láti inú ọkọ̀ òfurufú sí Ain Zara, nítòsí Tripoli. Wọn ò tíì ṣe irú rẹ̀ láyé rí. Nígbà tó di 1912, Tọ́kì tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ó kó ẹrù ẹ̀ lọ. Àwọn onílẹ̀ ò tọwọ́ bọ ìwé kankan.

Ọ̀kan nínú wọn ni Omar al-Mukhtar, àáfáà tó ń kọ́ ọmọ ní ilé-kéwú àwọn Sanusi, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn Mùsùlùmí kan. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún nígbà tó di olórí ogun ní òkè Jebel Akhdar ní 1923. Ẹṣin ni wọ́n ń gùn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jáde, wọ́n á jà, wọ́n á sì rá mọ́ inú ihò àpáta. Ta ló ń bọ́ wọn? Àwọn ará abúlé tó ń tẹrí ba fún Ítálì lọ́sàn-án ni. Tílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á gbé ọkà àti owó sàká lọ fún àáfáà. Àwọn ará Ítálì fúnra wọn mọ̀ pé ìjọba òru wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dojú kọ ará ìlú. Ní 1930, Badoglio, gómìnà tí Ítálì fi jẹ níbẹ̀, àti Graziani, ọ̀gágun rẹ̀, ní kí wọ́n kó àwọn èèyàn orí òkè náà kúrò, nǹkan bí 100,000, tọkùnrin tobìnrin, tàgbà tèwe, tàwọn tẹran ọ̀sìn wọn. Wọ́n kó wọn sẹ́yìn wáyà ní Soluch, El Magrun àti El Agheila. Ẹran kú, ebi àti àrùn sì pa èèyàn: ọ̀pọ̀ òpìtàn ka òkú náà ju 40,000 lọ. Darandaran ni wọ́n. Ẹ rò ó wò ná, kí darandaran jókòó sójú kan, kó máa wo ẹran rẹ̀ tó ń kú! Ní 1931, wọ́n tún ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún tó gùn tó 270 kìlómítà sí ààlà Íjíbítì, kí oúnjẹ àti ìbọn má baà wọlé mọ́.

September 11, 1931 ni wọ́n mú àáfáà. Wọ́n gbẹ́jọ́ rẹ̀ ní Benghazi ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n yẹgi fún un ní Soluch lójú àwọn tí wọ́n kó sí àgọ́.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé. Nígbà tí Gaddafi, olórí Líbíà nígbà náà, lọ sí Róòmù ní 2009, àwòrán àáfáà tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ló lẹ̀ mọ́ àyà. Ọdún tó ṣáájú ni Berlusconi, olórí ìjọba Ítálì nígbà náà, ti tọwọ́ bọ̀wé ní Benghazi pé Ítálì yóò san bílíọ̀nù 5 dọ́là nítorí ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, ẹ̀yin ọmọ mi: inú ìwé kan náà ni wọ́n ti jọ ṣàdéhùn láti dí ọ̀nà òkun mọ́ àwọn tó ń wá iṣẹ́ lọ. Ní 2009, ọkọ̀ ojú omi Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í dá èèyàn padà sí Líbíà. Inú mi ò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn dòní.

Bí ẹ bá bi mí, mo máa ní kí ẹ má gba ọ̀nà náà. Ẹni tí kò bá sì lè ṣe kó má lọ, kó má pe onílẹ̀ lẹ́ni tí kò ní ìtàn.

Mo fi àwòrán àáfáà han ọmọ tó wá kí mi. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Tíṣà, arúgbó yìí náà ni wọ́n dè báyìí?" Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti kó ìwé sílẹ̀ dè é, àyè sì wà lórí bẹ́ńṣì fún ẹ̀yin náà.