Ọ̀rọ̀ ṣì kù lórí ààfin etí odò Po

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí Castello del Valentino, ààfin tó wà létí odò Po ní Torino tí mò ń gbé yìí. Ó dùn ún kà, àmọ́ bí àwọn amọ̀nà tó ń kó àlejò káàkiri ibẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ náà lẹ ṣe sọ ọ́: òrùlé, àwòrán ara àjà, òdòdó, ó parí.

Ìdílé Savoy, àwọn tó ń jọba níhìn-ín nígbà náà, ra ilé náà ní 1564, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n gbé olú ìlú wọn wá sí Torino. Obìnrin ló sọ ọ́ di ohun tí à ń wò lónìí. Christine, ọmọ Henry Kẹrin ọba Faransé, ni wọ́n fẹ́ sílé ní 1619, ó sì ní kí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé nílùú bàbá òun. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1637, ló bá di adelé fún ọmọ rẹ̀ tí kò tíì dàgbà. Àwọn àbúrò ọkọ yarí. Ọ̀rọ̀ di ogun láàárín ẹbí, Faransé gbè sẹ́yìn opó, Sípéènì gbè sẹ́yìn àwọn àbúrò ọkọ.

Opó yìí ló borí. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ní 1660: pé níbi tí ọba àwọn odò, ìyẹn Po, ti bọ́ ìbínú sílẹ̀ tó ń sinmi, ni òun, Ayaba Kípírù, fi ṣe ibi ìgbafẹ́ fún àwọn ọmọ òun. Ayaba Kípírù kẹ̀! Àwọn Tọ́kì ti gba erékùṣù yẹn láti 1571. Mi ò kì í lè pa ẹ̀rín mọ́ra tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá.

Ní nǹkan bí 1860, ààfin di ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Politecnico, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú yìí, tó ń kọ́ yíya àwòrán ilé ló ń lò ó báyìí.

Èyí tó jẹ́ kí n gbé bírò ni ti 1884. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá gbogbo Ítálì nínú ọgbà tó yí ààfin náà ká. Wọ́n kọ́ abúlé kan tó jọ ti ayé àwọn babańlá wọn síbẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Wọ́n tún kó ènìyàn wá láti Assab, ìlú etí Òkun Pupa tí ìjọba Ítálì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní 1882, ní Eritrea òde òní. Wọ́n kó wọn síbẹ̀ kí èrò lè máa wò wọ́n. Èèyàn dúdú bíi tiwa, ẹ̀yin ará! Ìwé ìròyìn wa wá kọ̀wé nípa ọgbà yẹn, kò dárúkọ Assab lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún máa tẹ àpilẹ̀kọ náà, ẹ wá ìpínrọ̀ kan fún àwọn ará Assab yẹn. Ẹ lè yọ ti òdòdó.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Torino, Ítálì