Oògùn tó ń dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo tẹ̀ lé ọmọ mi obìnrin lọ sí ilé ìtọ́jú aboyún. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kó oògùn folic acid, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn fítámì B, lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa lò ó kí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lè dára. Ọdún 31 ni mo fi ṣe agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, inú sì bí mi débi pé n kò lè sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì yẹn ni mo ń bá wí. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe.

Láàárín ọjọ́ 28 tí oyún bá dúró ni ibi tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ máa ń padé. Bí kò bá padé nígbà náà, kò tún ní padé mọ́. Ọjọ́ 28! Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì fura rárá. Bí ìdajì oyún tó ń dúró láyé sì ni ìyá kò pète rẹ̀. Oògùn oṣù mẹ́ta yẹn wúlò fún ẹ̀jẹ̀ ìyá o, kí ẹnikẹ́ni má torí tèmi jù ú nù. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, ó ti pẹ́ jù.

Mo ti fọwọ́ ara mi gbẹ̀bí àwọn ọmọ tí ibẹ̀ kò padé lára wọn. Ìyá á máa bi mí pé kí ni òun jẹ, kí ni òun ṣe. Kò ṣe nǹkan kan.

Láti 1991 ni ìwádìí tí àwọn ará Britain darí ní orílẹ̀-èdè méje ti fi hàn pé, bí obìnrin tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí bá lo folic acid kí òmíràn tó dúró, ewu náà ń dín kù ní ìpín 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Amẹ́ríkà fi òfin mú un wọ inú ìyẹ̀fun ní 1998, Chile ní 2000. Ní 2021 ni Britain fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé òun yóò ṣe é. Ọgbọ̀n ọdún ìpàdé! Àwọn aláṣẹ tí kò tíì ṣe é títí dòní ńkọ́? Ta ni wọ́n ń dúró dè?

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le. Kí òfin mú gbogbo ẹni tó ń lọ ìyẹ̀fun tà láti fi folic acid sí i. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń wọ́n èròjà náà sórí ìyẹ̀fun bó ṣe ń ṣàn kọjá, adùn rẹ̀ kò sì ní yí padà. Obìnrin á ti máa jẹ ẹ́ kó tó mọ̀ pé òun lóyún. Ṣùgbọ́n kí àwọn olùyẹ̀wò má kàn lọ wo ìwé ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kí wọ́n sì máa lọ sílé. Kí wọ́n ra àpò ìyẹ̀fun lórí àtẹ bí oníbàárà, kí wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n sì kéde orúkọ ẹni tí tirẹ̀ kò pé. Bí wọ́n bá kéde ẹnì kan, àwọn yòókù á gbọ́ràn.

Òróró tí wọ́n ń fi fítámì A sí náà, kí wọ́n yé rọ ọ́ sínú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́. Kí wọ́n sì rántí fítámì B1 nínú ìyẹ̀fun náà: ìyá tí kò ní in tó, ọmú rẹ̀ kò ní ní in tó, ó sì lè pa ọmọ ọwọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n tó yẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ọmọ mi wò. Ìyá rẹ̀ ń lo oògùn náà láràárọ̀. Lónìí ó bi mí bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́, n kò mọ ohun tí n ó sọ.

Èmi ni,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì