Ibi Tí Omi Dé Lára Ògiri

Mọ́kọlá, Ìbàdàn
Ọjọ́ 17, Oṣù Kọkànlá, 2024

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsinmi. Ṣé àlàáfíà ni bàbá Àyìnlá wà? Àyìnlá ńkọ́, ṣé ó ṣì ń jẹ ẹ̀bà tí mo fi kọ́ ọ, àbí ẹ ti dá a padà sídìí bísíkíìtì? Ara mi le, a dúpẹ́. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, òun náà sì ti di ará ilé.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ Jímọ́ọ̀, èwo ni kí ẹ rà nínú ilẹ̀ méjì tí ẹ rí ní Nagambie, ní Victoria yín ní Australia lọ́hùn-ún, kí ẹ fi kọ́lé, mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó, mo sì ti rò ó. O lè máa wò ó pé kí ni màmá ń kọ lẹ́tà fún nígbà tí WhatsApp wà. Ọ̀rọ̀ ilé kọ́ la máa ń sọ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa já a sí wẹ́wẹ́. Mo fẹ́ kí o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì kà á sétí bàbá Àyìnlá.

Ilẹ̀ etí odò yẹn, ẹ má rà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ná kí n tó máa ṣàlàyé. Èyí tó wà lókè lẹ́bàá títì, tí o ní kò lẹ́wà, tí ẹ kò lè rí omi láti ibẹ̀ àfi tí ẹ bá gun orí òrùlé, òun ni kí ẹ rà.

O rántí ọjọ́ tí a lọ wo ilẹ̀ ní Nagambie, nígbà tí mo wá bá yín tọ́jú ọmọ? A ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ère ẹṣin wọn yẹn, Black Caviar, tó sáré 25 tí kò gba ipò kejì rí, kí ọkọ ẹ lè ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà la dé etí omi. Ọkùnrin tó ń bá wọn ta ilẹ̀ ń nawọ́ síwá sẹ́yìn bí ẹni ń kéwì. Ọgbà àjàrà wà lódìkejì, wọ́n ti fi nẹ́ẹ̀tì funfun bò ó kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó kórè, omi sì dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú abọ́. Ó lẹ́wà, n kò ní purọ́. Èmi tí ọtí kò kan ẹnu mi rí láyé, ọgbà àjàrà yẹn wù mí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń wo omi, igi ni èmi ń wò. Igi ràgàjì tó wà létí omi, èyí tí ẹ̀ ń pè ní red gum, ó yà sí ẹ̀ka méjì lókè. Koríko gbígbẹ há sójú ibi tó ti yà yẹn, pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan àti àjákù okùn. Mo dúró sídìí rẹ̀, mo nawọ́ sókè, ọwọ́ mi ò tó o. Mo fà ọ́ láṣọ, mo bi ọ́ pé ta ló gbé koríko sórí igi. O ní bóyá ẹyẹ ni. Àbẹ̀kẹ́, ẹyẹ wo ló ti ọjà dé tó gbé ọ̀rá dání?

Omi ló gbé e síbẹ̀.

Ọjọ́ 31, Oṣù Kẹjọ, 1980 tí odò Ògùnpa ya ní Ìbàdàn níbí, ọdún kejì tí mo délé bàbá yín ni. Yàrá kan là ń gbé nísàlẹ̀, lápá Òkè-Bọ́là. Omi ti wọlé kí a tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ mi ló kọ́kọ́ léfòó, ó ń yí po láàárín yàrá pẹ̀lú ìdérí lórí rẹ̀. Bàbá yín gbé mi gun orí fẹ́ńsì, ibẹ̀ la wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí a rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò ní kọ ọ́ sínú ìwé. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nìyí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, onílé kun ilé ní ọ̀dà àwọ̀ ewé, ó sì kó ayálégbé tuntun síbẹ̀, àwọn tí kò sí ní Ìbàdàn nígbà tí odò ya. Mo lọ kí ìyá kan nínú ilé náà nígbà ọyẹ́. Ìlà kan ti yọ jáde lábẹ́ ọ̀dà, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì, ó yí gbogbo yàrá ká, ó ga tó èjìká mi. Ìyá náà ní àwọn ti sọ fún onílé, ó sì ti tún un kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣáà ń yọ. Láti ìgbà yẹn, ilé yòówù tí mo bá wọ̀ nítòsí omi, ògiri ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó kí onílé.

Ọkùnrin tó ń ta ilẹ̀ fún yín ní omi Nagambie kì í kún, kì í fà, pé ìsédò ló ń mú un dúró. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ ọlọ́jà ni. Mo ní kí àbúrò ẹ bá mi wádìí rẹ̀. Láàárín 1887 sí 1891 ni wọ́n kọ́ Goulburn Weir, òun ló sì sọ ibẹ̀ di adágún. Torí kí omi lè gba kànáàlì lọ sí oko àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, kì í ṣe torí àgbàrá. Bí odò náà bá ya, ṣe ni wọ́n máa ṣí géètì kó kọjá. Ní Oṣù Kẹwàá 2022, odò Goulburn kan náà wọ ilé onílé ní Seymour, ó wọ Murchison, ó wọ Shepparton níbi tí ìwọ fúnra ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti ṣe irú ẹ̀ ní 1974. Seymour wà lókè odò, Murchison wà nísàlẹ̀, Nagambie wà láàárín wọn. Kí ló tún kù?

Wọ́n tún sọ fún yín pé àgbàrá tó lè dé ibẹ̀ jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún. Bàbá Àyìnlá gbọ́ ọ, ó ní nígbà náà kò kàn wá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìṣirò dọ́gbọ́n sí yín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lọ́dọọdún, àǹfààní rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 100. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí kó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá fi 30 ọdún san owó báǹkì, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ pé ẹ máa bá a pàdé kí ẹ tó san án tán. Ṣé ìwọ á wọ ọkọ̀ tí wọ́n bá ní ọ̀kan nínú mẹ́rin irú ẹ̀ ló ń já bọ́ sódò?

Nítorí náà, ilẹ̀ yòówù kí ẹ fẹ́ rà, kódà ti òkè, kí lọ́yà tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, ka ìwé tí wọ́n ń pè ní Section 32, èyí tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ fi ń sọ ohun tó wà lórí rẹ̀, látòkè délẹ̀. Kó wò ó bóyá LSIO (Land Subject to Inundation Overlay) wà lórí ilẹ̀ náà. Lẹ́tà mẹ́rin péré, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé ìjọba mọ̀ pé omi máa ń dé ibẹ̀. Kí ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń mójú tó odò yẹn, Goulburn Broken Catchment Management Authority, kí wọ́n kọ gíga tí omi lè dé níbẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Kò sí ọmọ onílẹ̀ tó máa yọ àdá sí yín ní Nagambie (àwọn Taungurung tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè), ṣùgbọ́n ìwé ibẹ̀ le ju àdá lọ.

Ilẹ̀ òkè náà ní àléébù tiẹ̀. Amọ̀ ni. Mo fi bàtà wà á wò nígbà tí ẹ rò pé mò ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Irú amọ̀ yẹn máa ń wú bí òjò bá rọ̀, á sì sán bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ilé orí rẹ̀ á máa bá a gòkè, á máa bá a sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ iyẹ̀pẹ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Wọ́n máa fún un ní orúkọ: A ni ilẹ̀ tí kì í mì, S ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà M, H1, H2, títí dé E. P ni ti oníwàhálà. Bí ó bá jẹ́ H, owó ìpìlẹ̀ máa gbéra. Ẹ san án. Ibi tí ojú ò tó ni kí ẹ náwó sí, kí ẹ fi táìsì Ítálì sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ní ti iná igbó, ẹ ti gbé ibẹ̀ jù mí lọ. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Victoria ní ọjọ́ 7, Oṣù Kejì, 2009 tí èèyàn 173 kú. Ẹ béèrè BAL ilẹ̀ náà, ìwọ̀n ewu iná igbó níbẹ̀, torí òun ló máa sọ irú fèrèsé àti irú gọ́tà tí ẹ gbọ́dọ̀ lò. Ẹ má sì kọ́ ilé sábẹ́ red gum. Ó máa ń ju ẹ̀ka sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ewé kankan ò mì.

Wàyí o, agbaṣẹ́ṣe. Ọdún 26 ni mo fi ta símẹ́ǹtì, o mọ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé àwọn bíríkìlà máa ń ra àpò mẹ́fà lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní kí n kọ mẹ́wàá sínú rìsíìtì. Èmi ni mo ń kọ ọ́. Mo bá wọn kọ ọ́ fún ọdún méjì àkọ́kọ́ kí n tó fi sílẹ̀, torí mo bẹ̀rù kí n pàdánù oníbàárà. Onílé á wá, á kí mi, á ra gúgúrú fún ẹ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ n kò lè rí àwọn onílé yẹn mọ́. Nítorí náà bí mo bá sọ fún ẹ pé kí o ka ìwé agbaṣẹ́ṣe wò dáadáa, kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn.

Òfin ìwé àdéhùn ilé kíkọ́ ti Victoria, ti 1995, ti pín owó agbaṣẹ́ṣe fún yín: ìdá 5 nínú 100 lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ síwèé, 10 nígbà tí ìpìlẹ̀ bá parí, 15 nígbà tí egungun ilé bá dúró, 35 nígbà tí òrùlé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé bá ti wà lórí rẹ̀ tó ṣe é tì pa, 25 nígbà tí wọ́n bá to inú ilé tán, 10 tó kù nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Ẹ rí i pé 35 yẹn ló tóbi jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kánjú. Ẹ gba ẹni tó máa bá yín yẹ iṣẹ́ wò, ẹni tí agbaṣẹ́ṣe kò mọ̀ rí, kó lọ wò ó kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Bí wọ́n bá pè yín pé "ó ku fèrèsé kan péré", ẹ ní kí fèrèsé náà dé ná.

Iye tí wọ́n kàn fojú bù sínú ìwé náà, tí wọ́n ń pè ní provisional sum, ibẹ̀ ni rìsíìtì àpò mẹ́wàá wà. Wọ́n á kọ owó kékeré síbẹ̀ kí àpapọ̀ lè dùn lójú, tí ẹ bá ti wọ inú rẹ̀ tán, ẹ óò máa san àfikún. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye gidi. Ẹ má sì san kọ́bọ̀ kí ìwé ìbánigbófò tó dé ọwọ́ yín ní orúkọ yín. Ní Oṣù Kẹta 2023, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ńlá kan kógbá sílé ní Melbourne, ọ̀pọ̀ tó ti san àsansílẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé wọn ò tíì bá àwọn gba ìbánigbófò kankan. Ilé-iṣẹ́ tó ní ọ́fíìsì tó ń dán ni o.

Yàrá márùn-ún tí o yà yẹn, ẹ gé e sí mẹ́rin. Yàrá tí ẹ fẹ́ máa wo sinimá, ta ló fẹ́ wò ó, Àyìnlá? Ibi tí ẹ máa ń jókòó jù, ẹ jẹ́ kó kọjú sí àríwá, torí apá ibẹ̀ ni oòrùn yín máa ń gbà nígbà òtútù. Ákítẹ́ẹ̀tì yín náà á fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ilé lè gba ìràwọ̀ 7, òṣùwọ̀n bí ilé kò ṣe ní jẹ iná púpọ̀ láti móoru tàbí láti tutù, tí wọ́n sọ di dandan láti Oṣù Karùn-ún 2024.

Yàrá tèmi, ilẹ̀ ni kó wà, torí orúnkún. Kí ẹ fi ẹ̀rọ omi kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sú mi láti máa gbé búta la pálọ̀ kọjá lójú àwọn àlejò yín. Apá ìwọ̀-oòrùn yàrá náà, ẹ má fi fèrèsé síbẹ̀ rárá, ògiri lásán ni kí ẹ mọ. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ máa ń jó ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ náà sì ni Mẹ́kà wà sí yín. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọjú sí ìlà-oòrùn kírun bíi ti Ìbàdàn, kí ọkọ ẹ tó fi fóònù hàn mí.

Bí ìwé ayẹ̀wò iyẹ̀pẹ̀ bá ti jáde, ya á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ, kó kà á fún mi. Bá mi gbá Àyìnlá mọ́ra.

Èmi ni,
Màmá rẹ