Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kán sílẹ̀, o ti rà á

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín pé àwa ọdẹ la jẹ ẹran ìgbẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó tán, pé kí ìjọba kúkú gba ìbọn lọ́wọ́ gbogbo wa kó tán síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó purọ́ o, òótọ́ tó sọ ni kò tíì délé. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ lèmi náà, apá Ìdànrè níbí la ti ń dẹ ìgbẹ́ láti kékeré, iṣẹ́ tíṣà ni mo kàn fi ń gba owó oṣù kí n tó rẹtáyà.

Lọ́dún tó kọjá àbúrò mi tó wà ní Johannesburg ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, ó tún san owó ọdẹ ọjọ́ mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ Limpopo ní South Africa níbẹ̀, ó ní bọ̀dá mi, ẹ ti pa ọ̀yà tó, ẹ wá wo ẹran. Oṣù July ni. Nílé níbí òjò ń rọ̀, igbó ṣú, lọ́hùn-ún òtútù ló ń mú bíi kí eyín èèyàn já, koríko ti gbẹ, igi ti wọ́wé, èèyàn ń rí ẹran láti ọ̀ọ́kán, ìdí tí wọ́n fi ń dẹ ìgbẹ́ lásìkò yẹn nìyẹn. Àlejò ò sì gbọdọ̀ dá wọ ìgbẹ́ o, ọ̀gá ọdẹ tó ní láísẹ́ńsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí n má parọ́, nígbà tí mo rí wáyà tó yí ilẹ̀ náà ká, tó ga ju mítà méjì lọ, mo ní ṣé ẹran ọ̀sìn la wá pa ni? Nígbà tí a wọlé tí a fi mọ́tò rìn títí tí n ò rí wáyà kankan mọ́, mo panu mọ́. Síbẹ̀ ọkàn mi ò gba wáyà yẹn tán, títí di òní. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 1991, ẹni tó bá fi wáyà tó péye yí ilẹ̀ rẹ̀ ká, òun ló ni ẹran inú rẹ̀, kódà bí ẹran já jáde tiẹ̀ ṣì ni, bíi ewúrẹ́ tèmi tìẹ. Páálí kan wà lára ògiri níbi tí a sùn, impala iye báyìí, ìmàdò iye báyìí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà iye báyìí, àfi bí ìgbà téèyàn wọ búkà.

Ọjọ́ kejì la rí impala. Kò ju ìgalà tiwa lọ púpọ̀, akọ nìkan ló ń níwo. Ìbọn tí wọ́n yá mi ní awò lórí, bẹ́ẹ̀ ṣakabùlà àti ọlọ́nà méjì lèmi mọ̀, ẹran tí kò bá sún mọ́ mi débi tí mo lè sọ òkò bà á n kì í yìnbọn sí i. Ọ̀gá ọdẹ gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, ó ní kí n gbé ìbọn lé e, kí n fojú tẹ̀lé ẹsẹ̀ iwájú ẹran náà lọ sókè, tí mo bá ti wọ ara rẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta kí n yìn ín, ibẹ̀ lọkàn wà. Ẹran yẹn ju mítà 100 lọ sí wa. Ọwọ́ mi wá ń gbọ̀n, èmi tí wọ́n ń pè ní àtamátàsé nílé! Mo yìn ín, ó ta sókè, ó sá lọ, ara mi ti sọ fún mi pé apá ìfun ni mo ti bà á.

Ọ̀gá ọdẹ ò bínú, ó kàn sọ fún àbúrò mi pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kán sílẹ̀, o ti rà á nìyẹn. Mo ní tí a ò bá wá rí i ńkọ́? Ó ní wàá sanwó ẹ̀ náà. Bàbá kan, ẹ̀yà Venda, ló ń tọpa ẹran fún wọn, a ò gbọ́ èdè ara wa, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀, ó máa bẹ̀rẹ̀ á na ìka sí ewé kan, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, a ó tún rìn, ó lé ní wákàtí méjì ká tó bá ẹran náà lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, ó ṣì ń mí. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Mo kí Ògún, bàbá yẹn wò mí, ó mirí bí ẹni tó gbọ́.

N ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹran tí mo ti yìnbọn bà nílé, tó gbé ọgbẹ́ wọ igbó lọ, tí mo ní kílẹ̀ mọ́ kí n tó wá a, ilẹ̀ mọ́ òjò ti fọ ẹ̀jẹ̀, mo gba ilé lọ. Mo kà á dé mọ́kànlá mo dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí lórí ìkankan nínú wọn.

Ọjọ́ kẹta a rí kudu. Ẹran yìí, ẹ̀yin ará mi, ó ga tó màlúù, ìwo rẹ̀ lọ́ bí okùn. Wọ́n ò jẹ́ kí n yìn ín, wọ́n ní ìwo rẹ̀ ò tíì lọ́ yípo méjì àbọ̀, ó máa tó bíi ọmọ ọdún mẹ́fà kó tó lọ́ tó bẹ́ẹ̀, ọmọdé ṣì ni. Mo fi awò wò ó títí ó fi rìn wọgbó lọ.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Èmi ò tiẹ̀ rí èyí tí mo máa fi ahun ṣe, torí ẹni tó nilẹ̀ ló nẹran, ìwo àti awọ nìkan ni tàlejò, ìyẹn gan-an wọ́n á kọ́kọ́ rì í sínú oògùn, ó máa pẹ́ kó tó débí. Wọ́n fún wa ní biltong, ẹran gbígbẹ wọn, a jẹ ẹ́ tán kí n tó wọ bàálù. Nígbà tí mo délé ìyàwó mi tú báàgì mi títí, ó ní, "Bàbá Ṣọlá, ọjọ́ mẹ́rin, ẹran dà?"

Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ rèé. Ta ló ni ẹtu tó wà nínú igbó ọba Ìdànrè? Ìwé ní ìjọba ni. Nínú igbó gan-an, kò sẹ́nìkan tó ni ín, àwọn olóko kòkó ti wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà. Bí mi ò bá pa á lónìí ẹlòmíì á pa á lọ́la, ohun tó jẹ́ kí n máa tan iná sí i lójú lóru nìyẹn láìwò ó bóyá ó lóyún. Ẹ ní kí wọ́n fòfin dè wá? Òfin tó dáàbò bo àwọn ẹran kan ti wà láti 1985, ẹ lọ bi àwọn tó ń na ẹran sókè sí mọ́tò lọ́nà Ọ̀rẹ̀ sí Benin bóyá wọ́n gbọ́. Kenya fòfin de ọdẹ ní 1977, ìyẹn yé mi, àwọn tó ń wá fojú wo ẹran ló ń mówó wá fún wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ wá wò lọ́dọ̀ tiwa?

N ò ní ká wá ta wáyà yí ilẹ̀ ẹbí ká o, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Ti Namibia ló wù mí, ní 1996 ni wọ́n ṣòfin tó fàyè gba àwọn ará abúlé láti kóra jọ, kí wọ́n máa bójú tó ẹran ilẹ̀ wọn kí owó rẹ̀ sì máa wọlé fún wọn, nígbà tó di 1998 àwọn abúlé àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ká fi Ifọ́n gbìyànjú ẹ̀ wò, níbi tí igbó ìjọba ti wà tẹ́lẹ̀, kí àwọn ọdẹ ibẹ̀ máa ka ẹran, kí wọ́n máa gbowó lórí èyí tó ṣì wà láàyè, kí wọ́n sì fún wa lóṣù tí ìbọn ò ní dún rárá.

Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa bá wọn rìn kà á, mo wà ní Òpópónà Ọ̀dá níbí, ẹsẹ̀ mi ṣì le.

Èmi ni tiyín,
Ọdẹ kan, Àkúrẹ́